Kọ̀ǹpútà tó ń rìn bí ìgbín: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ kó tó ra RAM

Oníbàárà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń kánjú, ìwé kan péré ló fẹ́ kí wọ́n bá òun tẹ̀ jáde. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n àmì róbótó kan ló ń yí lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Kí ìwé ọ̀hún tó jáde, oníbàárà ti gba ṣọ́ọ̀bù kejì lọ. Irú nǹkan báyìí kì í ṣe tuntun lójú àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ìbáà ṣe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Ṣómólú l'Ékòó, àwọn tó ń gé fídíò òde àríyá, tàbí ìyá oníṣòwò tó gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀, tó fi ń ṣírò owó tó wọlé àtèyí tó jáde.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wọn lọ́kàn ni pé ẹ̀rọ ti gbó, àfi kí àwọn ra òmíràn. Àmọ́ owó kọ̀ǹpútà ti kúrò ní ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Nǹkan bíi náírà 460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní báńkì kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà kó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, dọ́là kan ti lé ní náírà 1,500. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ṣì ń tàn, tí ojú rẹ̀ kò fọ́, tí bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kò yẹ kó sáré gbé e sọnù. Lọ́pọ̀ ìgbà, RAM tó wà nínú rẹ̀ ni kò tó mọ́, RAM sì wà lára ohun tó rọrùn jù lọ láti pààrọ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń fà ni RAM ń dà láàmú, kì í sì í ṣe gbogbo RAM ló ń wọ gbogbo kọ̀ǹpútà. Ibi méjèèjì yìí ni owó àwọn oníṣòwò ti ń ṣòfò. Wọ́n á gbọ́ pé RAM ló kù, wọ́n á sáré lọ sọ́jà, wọ́n á sì gbé èyí tí ẹ̀rọ wọn kò mọ̀ rí bọ̀ wálé.

Àtẹ àti yàrá ẹrù

Ẹni tó bá mọ bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń tajà ti mọ iṣẹ́ RAM. Ìyá náà ní yàrá tó ń kó ẹrù sí lẹ́yìn ìsọ̀, ó sì ní àtẹ tó wà níwájú rẹ̀. Ohun tó wà lórí àtẹ ni ọwọ́ rẹ̀ ń tó kíákíá. Bí àtẹ bá kéré, tí oníbàárà sì pọ̀, gbogbo ìgbà ni yóò máa dìde wọ yàrá lọ, tí yóò máa gbé ọjà kan wọlé kó tó lè rí àyè gbé òmíràn jáde. RAM ni àtẹ yẹn. Háàdì dísìkì, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé, fọ́tò àti fídíò sí, ni yàrá ẹrù. Bí RAM bá ti kún, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ àlọ àti àbọ̀ sínú háàdì dísìkì, àlọ-àbọ̀ yẹn ló sì ń mú kí ẹ̀rọ máa dúró wò suu.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń gbé níbi tí iná kì í dúró ti mọ̀ dáadáa. Bí iná bá lọ lójijì, gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ ló ń dànù, èyí tí wọ́n ti séèfù sínú yàrá nìkan ló ń kù. Nítorí náà, bó ti wù kí RAM pọ̀ tó, kò lè gba iṣẹ́ tí wọn kò tíì séèfù là. Désíkítọ́ọ̀pù kò ní bátìrì, UPS ni ẹni tó ń lò ó nílò fún ìyẹn.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Ilé ló ti yẹ kí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀ lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà. Bó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11 ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà, kí ẹni tó ni ín ṣí gbogbo ohun tó máa ń ṣí nígbà tí iṣẹ́ bá wọra, kó wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager ni yóò yọ jáde. Níbi tí wọ́n kọ Performance sí, yóò rí Memory, yóò sì rí Disk nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bí Memory bá wà ní nǹkan bíi 85 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ ń fà, RAM rẹ̀ kò tó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí Memory kò bá ju ìdajì lọ, tí Disk fò lọ sí 100, tó sì kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀, RAM kọ́ ló ń ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ háàdì dísìkì àtijọ́, èyí tó ń yí nínú ẹ̀rọ, ló ń fà á sẹ́yìn. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ yóò jàǹfààní bí wọ́n bá fi SSD rọ́pò háàdì dísìkì yẹn ju kí wọ́n kó RAM tuntun sí i lọ. Ká sòótọ́, bó bá jẹ́ owó nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́, tí kọ̀ǹpútà náà sì ti ní 8GB, SSD ló yẹ kí owó yẹn lọ fún. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta RAM ló máa sọ èyí fún oníbàárà.

Ohun kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Nínú Task Manager kan náà, wọ́n kọ Startup sí ibì kan. Ibẹ̀ ni orúkọ àwọn nǹkan tó ń ṣí ara wọn wà, àwọn tí kì í dúró kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n kí wọ́n tó jókòó sórí àtẹ. Tí wọ́n bá pa èyí tí kò wúlò níbẹ̀, tí wọ́n sì ti ogún ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀, àwọn kọ̀ǹpútà míì wà tí yóò jí pépé láìra ohunkóhun.

Bó bá wá dájú pé RAM ló kù, mélòó ló tó? Ilé iṣẹ́ Microsoft sọ pé 4GB ni ó kéré jù tí Windows 11 lè gbà. Ìyẹn dà bí owó ọkọ̀ àlọ láìsí ti àbọ̀, ẹ̀rọ á tàn, àmọ́ iṣẹ́ ni kò ní lè ṣe. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà, tó ń lo Excel, tó ṣí WhatsApp àti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀, 8GB tó o. Àwọn tó ń fi Photoshop ṣe káàdì ìpè àti pátákó ìpolówó nílò 16GB, iye tí àwọn tó ṣe Photoshop fúnra wọn dámọ̀ràn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní 8GB lè gbé e. Ẹni tó ń gé fídíò lè lọ dé 32GB. Àmọ́ ẹni tó bá kó 32GB sínú ẹ̀rọ tó fi ń tẹ rìsíìtì, ńṣe ló ra ọkọ̀ akẹ́rù láti máa fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé.

Àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ṣì wà tí Windows orí wọn jẹ́ 32-bit. Irú Windows bẹ́ẹ̀ kì í lò ju 4GB lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ki 16GB bọ inú rẹ̀. Inú Settings, níbi tí wọ́n kọ System àti About sí, ni èèyàn ti lè rí i bóyá 32-bit tàbí 64-bit ni tòun.

RAM ní ìran, ó ní ẹ̀yà

Apá ibí yìí gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni tó rà àti ẹni tó tà. DDR3 jáde lọ́dún 2007, DDR4 bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà lọ́dún 2014, wọ́n sì gbé ìlànà DDR5 jáde lọ́dún 2020. Ọ̀kan kò lè jókòó sáàyè èkejì. Gígé kékeré kan wà létí ìsàlẹ̀ RAM, ibi tó wà lára DDR3 yàtọ̀ sí ti DDR4, ti DDR4 sì yàtọ̀ sí ti DDR5, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì kì í bọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára tì í wọlé, ihò tó wà lára motherboard ni yóò bà jẹ́, owó tó sì máa fi tún ìyẹn ṣe lè ju owó RAM lọ.

Lẹ́yìn ìran, gígùn ló kàn. RAM désíkítọ́ọ̀pù gùn tó sẹ̀ǹtímítà 13, ti láptọ́ọ̀pù fi díẹ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó bá jókòó sórí tábìlì ló ń lo RAM gígùn o. Ọ̀pọ̀ désíkítọ́ọ̀pù kékeré, irú èyí tó rí bí ìwé ńlá, àti àwọn tí gbogbo ara wọn wà lẹ́yìn ojú kọ̀ǹpútà, RAM láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ń lò.

Àpẹẹrẹ kan wà tó wọ́pọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. HP EliteBook 840 G2 àti HP EliteBook 840 G3 ń jẹ́ orúkọ kan náà, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀, DDR3L ni G2 ń lò, DDR4 ni G3 ń lò. Ẹni tó bá dé ọjà tó ní “ẹ bá mi wá RAM EliteBook 840” kò tíì sọ nǹkan kan. Lẹ́tà L tó wà lẹ́yìn DDR3 yẹn náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ń sọ pé iná fóòtì 1.35 ni RAM náà ń lò, nígbà tí DDR3 lásán ń lo 1.5. Láptọ́ọ̀pù púpọ̀ tí wọ́n ṣe láti ọdún 2013 títí dìgbà tí DDR4 fi gbàlú, èyí tó ní L ni wọ́n fẹ́. Tí wọ́n bá fi èyí tí kò ní L sínú wọn, wọ́n lè kọ̀ láti tàn.

Gbogbo èyí ni wọ́n kọ sára bébà tó wà lára RAM, bí èèyàn bá mọ̀ ọ́n kà. Bí wọ́n bá kọ 4GB 1Rx8 PC3L-12800S sí i, 4GB ni ìwọ̀n rẹ̀, PC3 ni DDR3, L ni ti iná tó kéré. Ẹni tó bá fi 8 pín 12800 yóò rí 1600, ìyẹn eré tó ń sá. Lẹ́tà S tó gbẹ̀yìn ń sọ pé ti láptọ́ọ̀pù ni. Bó bá jẹ́ U, ti désíkítọ́ọ̀pù ni. Bó bá wá jẹ́ R, kí oníṣòwò rọra, nítorí RAM kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn báńkì àtàwọn ilé iṣẹ́ gbàǹgbà fi ń ṣe sáfà nìyẹn. Ó gùn bíi ti désíkítọ́ọ̀pù, ó sì lè wọ ihò náà wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ désíkítọ́ọ̀pù ilé kò ní tàn pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń ta 16GB ní owó pọ́ọ́kú, lẹ́tà yẹn ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò.

Task Manager tún ń sọ iye ihò tó wà. Bó bá kọ “1 of 2” síwájú Slots used, ihò méjì ló wà, ẹyọ kan ló ní RAM nínú. Ẹni tó ní 4GB nínú ọ̀kan lè fi 4GB ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sínú èkejì, ó di 8GB. Méjì tó dọ́gba sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa ju ẹyọ ńlá kan lọ, pàápàá fún àwọn tó ń ya àwòrán. Bí eré wọn kò bá dọ́gba, èyí tó lọ́ra ni èkejì yóò máa dúró dè. Ṣùgbọ́n bí Form factor bá kọ “Row of chips”, kí èèyàn má wulẹ̀ yọ owó. Wọ́n ti jó RAM yẹn mọ́ ara motherboard. Bẹ́ẹ̀ náà ni MacBook tí Apple ń ṣe pẹ̀lú ṣíìpù tirẹ̀ láti ọdún 2020, iye RAM tí wọ́n bá rà á pẹ̀lú rẹ̀ ni wọn yóò lò títí.

Ọ̀rọ̀ Windows 10 náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró, tí wọ́n sì fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ ní ààbò ọdún kan sí i, dé oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí Intel inú wọn kò tó ìran kẹjọ, tí EliteBook 840 G3 yẹn wà lára wọn, kò sí nínú àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́, RAM tòkunbọ̀ kan sì tó o, àmọ́ kò bọ́gbọ́n mu kí ẹnikẹ́ni ná owó ńlá lé e lórí.

Lọ́jà

Láptọ́ọ̀pù ni kí èèyàn gbé dání lọ sí Ọ̀tígbà, kó má ṣe gbé orúkọ rẹ̀ nìkan lọ. Bó bá jẹ́ désíkítọ́ọ̀pù, kó tú RAM inú rẹ̀, kó fi ìwé wé e, kó mú un lọ bí àpẹẹrẹ. Kí wọ́n fi RAM tuntun sí i níṣojú rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tàn, kó ṣí Task Manager wo iye tó kọ, kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

RAM tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀ bíi ti háàdì dísìkì, ó sì máa ń pẹ́ lọ títí. Ohun tí kò dáa ni kí wọ́n ta tòkunbọ̀ fún èèyàn ní owó tuntun. Ọ̀rá tí wọ́n wé mọ́ ọn kò fi nǹkan kan hàn. Eyín aláwọ̀ wúrà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni kí oníbàárà wò. Bí ojú rẹ̀ bá há, tí ìlà wà lára rẹ̀, ó ti wọ inú ẹ̀rọ rí. Rìsíìtì tún ṣe pàtàkì, kí wọ́n kọ irú RAM náà sí i, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, àti iye ọjọ́ tí wọ́n lè dá a padà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi owó ọdún 2024 díwọ̀n. Samsung àti SK Hynix ti Gúúsù Kòríà, pẹ̀lú Micron ti Amẹ́ríkà, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ṣíìpù RAM lágbàáyé. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń kọ́ ẹ̀rọ AI bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà wọn, owó RAM fò sókè káàkiri ayé níparí ọdún 2025. Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, Micron kéde pé àwọn yóò jáwọ́ nínú títa Crucial, RAM tí wọ́n ń ṣe fún àwọn aráàlú. Ẹni tó ń tajà n'Ìkẹjà kọ́ ló dá gbogbo ọ̀wọ́n náà sílẹ̀, síbẹ̀ iye tí ṣọ́ọ̀bù kan pè lè yàtọ̀ sí ti èkejì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá ìyàtọ̀ yẹn.

Fífi í sínú ẹ̀rọ

Èyí kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn ìwé pàtàkì. Kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà pátápátá, kì í ṣe kí wọ́n kàn pa ojú láptọ́ọ̀pù dé. Kí wọ́n yọ wáyà iná, kí wọ́n yọ bátìrì bó bá ṣeé yọ, kí wọ́n wá tẹ bọ́tìnnì tó ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè jáde. Iná kékeré tó máa ń ta èèyàn lára lásìkò ọyẹ́ lè pa RAM láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀ ọ́n lára rárá. Kí wọ́n fọwọ́ kan irin tí kò ní ọ̀dà lára kọ̀ǹpútà ná, kí wọ́n má ṣe jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì di etí RAM mú láìfọwọ́ kan eyín rẹ̀.

Súkúdiráfà kékeré ni wọ́n fi ń ṣí ìdí láptọ́ọ̀pù. Wọn yóò fi RAM wọlé ní ìdagun, eyín rẹ̀ yóò wọlé pátá, wọn yóò wá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò fi dún kọ́ gbá a mú. Ti désíkítọ́ọ̀pù yàtọ̀, òòró ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ìka kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gba agbára díẹ̀.

Bí wọ́n bá tàn án tí ojú rẹ̀ dúdú, tàbí tó ń dún píì píì, kì í ṣe àsìkò ìpayà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tíì wọlé dáadáa. Kí wọ́n pa á, kí wọ́n yọ wáyà, kí wọ́n tún un kì. Írésà funfun tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń pa ìwé rẹ́ ni àwọn ẹnjinníà fi ń nu eyín RAM tó dọ̀tí. Bí kò bá tún tàn, kí wọ́n dán wọn wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá sì tàn, kí wọ́n kọ mdsched síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan lórí Windows. Kọ̀ǹpútà yóò pa ara rẹ̀, yóò tún tàn, yóò sì yẹ RAM náà wò. Bó bá rí àléébù, kí wọ́n dá a padà kí ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì tó pé. RAM tó ń ṣe ségesège lè ba ìwé ìṣirò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbé e lè gbé e fún ẹnjinníà. Àmọ́ kó ya fọ́tò ojú Task Manager àti bébà ara RAM kó tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá ń gbà á. Ẹni tó gbé 8GB wá, tó sì gbé 4GB lọ, kì í mọ̀ àfi bí ẹ̀rọ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

RAM àtijọ́ tí wọ́n yọ náà kì í ṣe pàǹtí. Bí wọ́n bá fi ọ̀rá tó wá pẹ̀lú tuntun wé e, ó lè wọ kọ̀ǹpútà mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ lè gbà á kí wọ́n fi dín owó tuntun kù, ó sì lè jẹ́ òun ni wọn yóò padà sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dá èyí tí wọ́n rà padà.